Bá a ṣe ń gbin ìbẹ́pẹ láti kóró pẹ̀lú ọmọ kékeré (tiwa n'Íkòròdú ti so o)

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kẹ́ ẹ má baà rò pé mo gbọ́n tán. Ìgbà àkọ́kọ́ témi àtọmọ mi fẹ́ gbin igi eléso, agbálùmọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀, ó sì bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Oṣù Kejì ni, agbálùmọ̀ kún ọjà Sábó bámúbámú, ọmọ yìí jẹ ẹ́ títí ètè ẹ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ra, ó wá kó kóró ẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó ń kà á, ó ń fi ṣeré kiri ilé, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó wá bá mi pé Dádì, ẹ jẹ́ ká gbìn ín. A gbìn ín. À ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́ fún oṣù méjì, nǹkan kan ò yọjú. Ìgbà tí màámi wá kí wa ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé kóró tó ti gbẹ kanrankanran inú agolo yẹn lẹ lọ rì mọ́lẹ̀, pé kóró agbálùmọ̀ ò gbọdọ̀ gbẹ, pé tútù báyìí, bẹ́ ẹ bá ṣe tu ú lẹ́nu, ni wọ́n ń gbìn ín.

Àní tó bá tiẹ̀ hù, ọdún mélòó la máa fi dúró dè é? Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Tó bá jẹ́ pé ọmọ kékeré lẹ fẹ́ bá gbin igi, ẹ mú igi tó máa so kí ọmọ náà tó gbàgbé pé òun gbin nǹkan. Máńgòrò láti kóró lè gbà tó ọdún 5 sí 8, ọsàn náà ò fi bẹ́ẹ̀ yá jù ú lọ, agbálùmọ̀ ní tiẹ̀ ẹ máa gbàgbé. Ọmọ ọdún 5 ò lè máa fọkàn sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá wà ní JS 2. Ìbẹ́pẹ ni. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rì í dọjọ́ tẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́, bí oṣù 9 sí ọdún 1, ọmọ á rí i tó ń dàgbà lójú ara ẹ̀, á rí i tó ga ju òun lọ.

Ìgbà tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀: ìparí oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ló dáa jù lọ́dọ̀ tiwa níbí, kí ọmọ igi náà lè ti lágbára díẹ̀ nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta la rì tiwa.

Ẹ kọ́kọ́ ra ìbẹ́pẹ tó dáa

Má kàn ra èyí tẹ́ ẹ bá rí o. Ẹ jẹ́ kó pọ́n dáadáa, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n já ní tútù tí wọ́n wá fi nǹkan mú kó pọ́n, torí kóró inú irú ẹ̀ lè má tíì gbó, kóró tó gbó máa ń dúdú kirimú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bó ṣe rí. Èmi ò mọ eléyìí nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, ó sì ná mi lómijé ọmọ, màá sọ fún yín tá a bá débẹ̀. Igi ìbẹ́pẹ mẹ́ta ló wà: akọ wà, kì í so, abo wà, èyí tó ní akọ àti abo nínú òdòdó kan ṣoṣo náà wà. Abo ló sábà máa ń so èyí tó rí roboto, ìkẹta yẹn ló ń so èyí tó gùn gbọọrọ. Kóró inú gbọọrọ kì í sábà bí akọ, ṣùgbọ́n kóró inú roboto, tó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi akọ ló mú kó so, bí ìdajì nínú ọmọ ẹ̀ lè jẹ́ akọ. Torí náà gbọọrọ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má fi bínú tó bá jẹ́ pé èyí tó hù ò dùn tó ìyá ẹ̀ gan-an o, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní agric yẹn, ọmọ ẹ̀ kì í fi gbogbo ara jọ ọ́.

Fífọ kóró (ọmọ ni kó ṣe é, kẹ́ ẹ káwọ́ yín sẹ́yìn)

Ẹ la ìbẹ́pẹ, ẹ ha kóró sínú abọ́. Tẹ́ ẹ bá wo kóró kan dáadáa ẹ máa rí i pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó, omi wà nínú ẹ̀, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Awọ yẹn ni kì í jẹ́ kó hù kíákíá, òun ló ń dá kóró dúró kó má lọ hù sínú ìbẹ́pẹ fúnra ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ da kóró sínú asẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìka ha á mọ́ ara asẹ́, tàbí kó máa fi àtàǹpàkò àti ìka kan fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń dún "pọ́", kóró dúdú á sì ta jáde bí ọta ìbọn. Ọmọ mi fi wákàtí kan gbáko ṣe é, ó ta ọ̀kan lu ìyá ẹ̀ níwájú orí, kò sí eré tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nílé wa lọ́sẹ̀ yẹn. Téèyàn bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ pé kí iṣẹ́ yá, ó ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ nìyẹn o.

Tí gbogbo awọ bá ti kúrò, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ sá a sórí bébà ìwé ìròyìn níbi tí òòrùn ò dé, ọjọ́ kan sí méjì tó. Ìbẹ́pẹ ò rí bí agbálùmọ̀, tirẹ̀ lè gbẹ kó má kú, ṣùgbọ́n ẹ má sá a sórí páànù tó gbóná o. Lálẹ́ ọjọ́ tó bá ku ọ̀la tẹ́ ẹ máa rì í, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi. Èyí tó bá léfòó láàárọ̀, òfìfo ni, ẹ dà á nù. Ọmọ mi ka kóró 41 sínú omi, 8 léfòó, ó ku 33, ó sì bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá àwọn 8 yẹn ti kú tàbí wọ́n kàn mọ omi wẹ̀.

Ọ̀rá àti iyẹ̀pẹ̀

Ẹ ò nílò láti ra nǹkan kan. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tẹ́ ẹ ti mu ni kẹ́ ẹ kó jọ, ẹ gé ẹnu ẹ̀, ẹ dá ihò bíi 4 sí 5 sí ìdí ẹ̀ kí omi lè máa jò jáde. Ihò yẹn ṣe pàtàkì o, ìbẹ́pẹ kórìíra kí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nínú omi ju ohunkóhun lọ. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú abọ́ méjì, yanrìn abọ́ kan, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́ abọ́ kan, ẹ pò ó pọ̀. Tó ti PẸ́ ni mo wí, èyí tó ti wà nílẹ̀ fún oṣù méjì mẹ́ta tí kò rùn mọ́ tí kò sì gbóná mọ́. Tútù ẹ̀ máa ń jó igi ni. Ìgbẹ́ adìyẹ ò wọ́n n'Íkòròdú, àwọn tó ń sin adìyẹ pọ̀ káàkiri lápá Ọ̀dọ́gùnyàn àti Ìmọ̀tà, àwọn míì á ní kẹ́ ẹ wá kó o lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣáà mú àpò dání. Àgbàlagbà ni kó kó o, ọmọ lè bu iyẹ̀pẹ̀ àti yanrìn, kó fọwọ́ ẹ̀ tí ẹ bá ṣe tán.

A ní ọ̀rá 11. Mẹ́wàá fún gbígbìn, kóró 3 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkọkànlá, èmi ń pè é ní ọ̀rá ìtúwò, màá ṣàlàyé ẹ̀ báyìí.

Rírì àti dídúró

Ẹ ní kí ọmọ ki ìka ẹ̀ tó kéré jù bọ iyẹ̀pẹ̀, kó má wọlé tó oríkèé àkọ́kọ́, kó ju kóró kan sínú ihò yẹn, kó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbagidi. Omi díẹ̀. Ike omi lásán, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ìdérí ẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, á máa wọ́n bí òjò kékeré, torí tẹ́ ẹ bá gbé kọ́ọ̀pù fún ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa dà á tí kóró á fi léfòó jáde. Ẹ kó gbogbo ọ̀rá síbi tó gba ìmọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí òòrùn ọ̀sán ò lè dé tààrà.

Ó kù ká dúró, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ìbẹ́pẹ tó hù, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lójú ọmọ ọdún 5 dà bí ọdún ìléyá sí ìléyá. Ọjọ́ kẹta ni tiwa ti ní òun fẹ́ wú u wò. Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni mo fi ṣe ọ̀rá ìtúwò sílẹ̀, kóró 3 yẹn, tiẹ̀ ni, kó máa wú u bó ṣe wù ú, àwọn mẹ́wàá tó kù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe é, á gbà yín lọ́wọ́ wàhálà. Ọjọ́ kejìlá ló wú ọ̀kan, ló bá kígbe. Kóró ti là lẹ́nu, gbòǹgbò funfun kan tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ ti yọ jáde, ó ti tẹ̀ sísàlẹ̀. Ó ní Dádì, ó mọ ọ̀nà ilẹ̀, ta ló sọ fún un? Èmi náà ò rí nǹkan sọ.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni àkọ́kọ́ yọ lókè. Kì í dúró ṣánṣán o, ó máa ń tẹ orí ba ni bí ọrùn adìyẹ tó ń mumi, tó bá wá gbórí sókè, awọ kóró dúdú yẹn á ṣì wà lórí ẹ̀ bíi fìlà. Ẹ má bá a ṣí fìlà o! Ọmọ á fẹ́ ṣí i. Tẹ́ ẹ bá fà á, ewé á já mọ́ ọn. Á bọ́ ọ fúnra ẹ̀.

Láti ìgbà yìí, omi àpọ̀jù ló ń pa á ju òùngbẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ igi tó dáa lálẹ́ tó wá ṣubú láàárọ̀, tí ọrùn ẹ̀ níbi tó ti kan iyẹ̀pẹ̀ rí bí ohun tí wọ́n fi omi gbígbóná bọ̀, ó ti jẹrà nìyẹn, omi ti pọ̀ jù, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù. Òfin tá a fún ọmọ ni pé kó fi ìka kan ilẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tó bá ṣì tutù, kò sómi lónìí. Nígbà tí wọ́n bá ti ní ewé bíi 4, ẹ fi èyí tó sanra jù sílẹ̀ nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé àwọn tó kù, ẹ má fà á tu, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra.

Gbígbé e lọ sí ilẹ̀

Tó bá ti ga tó rúlà tí wọ́n ń lò nílé ìwé, bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 10, ó ti tó gbé. Àárín oṣù Karùn-ún la gbé tiwa. Ẹ tún lè ṣe é lọ́jọ́ 14 oṣù Keje tí Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń yà sọ́tọ̀ fún gbígbin igi, ọmọ á fẹ́ràn ẹ̀ pé gbogbo èèyàn ń gbin tiwọn lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n òjò ti máa ń le gan-an nígbà yẹn, ẹ ò ní lè sá fún ebè.

Ebè yìí ṣe kókó. Àwọn tó ń gbé ibi tó sún mọ́ ọ̀sà, Ìjẹ̀dẹ́, Báyékù, Ẹ̀bútè, ẹ mọ bí omi ṣe máa ń dúró sílẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Tí omi bá dúró lẹ́sẹ̀ ìbẹ́pẹ fún ọjọ́ méjì péré, ó lè kú. Torí náà ẹ kó ilẹ̀ jọ kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò sórí ẹ̀. Ẹ jìnnà sí fẹ́ńsì, ẹ jìnnà sí sókàwé, ẹ má gbìn ín sábẹ́ wáyà iná. Tó bá ju ihò kan lọ, kí àárín wọn tó bí ìṣísẹ̀ àgbà mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ayálégbé ni yín bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ bi lánlọ́ọ̀dù o. Tiwa ní kò burú, òun ṣáà máa jẹ níbẹ̀. Ẹlòmíì sì máa sọ pé ilẹ̀ ibí yìí ò dáa, ẹ má dá a lóhùn, Ìkòròdú tí àwọn àgbà ní Oko Odú ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ nítorí ewé odú tó kún ibẹ̀, ṣé ibẹ̀ ni ìbẹ́pẹ ò wá ní hù?

Ọmọ igi 3 la fi sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n jìnnà síra tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Mẹ́ta torí pé kò sẹ́ni tó mọ akọ mọ abo títí wọ́n á fi yọ òdòdó. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ fi bíléèdì la ọ̀rá (ẹ̀yin o, kì í ṣe ọmọ), kí ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì gba odidi iyẹ̀pẹ̀ yẹn bí ẹni gba ẹyin, kó gbé e sínú ihò láìjẹ́ kó fọ́. Tí gbòǹgbò bá já, ìbẹ́pẹ kì í tètè gbàgbé. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan ìdí igi.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Ewúrẹ́ ará àdúgbò kan jẹ tiwa mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá, mo lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n ní ṣé ewúrẹ́ mọ̀ pé ti ọmọ ni. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí àwọ̀n ká a mọ́. Ìgbín náà máa ń wá lóru lásìkò òjò, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá a, ọmọ fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an.

Kó tó yọ òdòdó

Ibí ò le. Ẹ máa fọwọ́ tu koríko ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ má fi ọkọ́ ro ó torí gbòǹgbò ẹ̀ ò jìnnà sókè. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́, bí abọ́ kan lóṣooṣù, yí i ká. Tó bá di oṣù Kẹjọ tí òjò máa ń sinmi díẹ̀, ẹ bomi rin ín. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí òwú lábẹ́ ewé, kòkòrò ni, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Gbogbo ọjọ́ Sunday lọmọ mi máa ń dúró ti èyí tó ga jù, mo ń fi okùn wọn àwọn méjèèjì, mo ń ta kókó sí i. Oṣù Keje, èjìká ẹ̀ ló dé. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ó ti kọjá orí ẹ̀, ó sì bínú díẹ̀.

Akọ àti abo

Oṣù Kẹsàn-án ni òdòdó yọ. Ti akọ kéékèèké, ó pọ̀ gan-an, ó rọ̀ dirodiro lórí ọ̀pá gígùn kan. Ti abo tóbi, ó dá wà ní ẹyọ kan tàbí méjì, ó lẹ̀ mọ́ ara igi, tẹ́ ẹ bá ya ewé òdòdó ẹ̀ díẹ̀ ẹ máa rí ọmọ ìbẹ́pẹ róbótó kékeré nínú ẹ̀. Ìkẹta, èyí tó ní méjèèjì, ó lẹ̀ mọ́ igi náà ṣùgbọ́n inú ẹ̀ gùn tín-ín-rín bí ìka.

Ẹ rántí pé mo ní mi ò mọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ àti roboto nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, roboto lèmi rà. Nínú 6 tá a gbìn, 3 jẹ́ akọ. Abo nílò akọ kan nítòsí kó tó lè so dáadáa, ṣùgbọ́n akọ kan máa ń tó fún abo bíi 10, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn fẹ́ńsì wa nílé kejì, torí náà mo sọ fúnra mi pé màá gé gbogbo akọ tiwa. Mo mú àdá nígbà tọ́mọ wà ní sùkúù, mo gé àwọn akọ 3, mo tún gé abo kan tó wà pẹ̀lú abo míì nínú ihò kan, ó ku igi kan sí ihò kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Ẹ ẹ̀ rí ẹkún. Ó jókòó ti kùkùté, ó ní èyí tí òun fún lórúkọ ni mo gé. Mi ò mọ̀ pé wọ́n lórúkọ! Màámi ló gbà mí, wọ́n já ọ̀pá ewé kan lára igi tó wà nílẹ̀, ẹ mọ̀ pé inú ẹ̀ ṣófo, wọ́n nu oje ẹ̀ dáadáa, wọ́n la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan, wọ́n fi ṣe fèrè. Títí ilẹ̀ fi ṣú la ò sinmi.

Nítorí náà: ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbìn ín lẹ ti máa sọ fún ọmọ pé mẹ́ta ló wọlé, ọ̀kan ló máa kù. Ẹ jẹ́ kó fi òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi so wọ́n, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé e, kó jẹ́ òun ló máa wo òdòdó tó máa sọ pé akọ rèé. Oje funfun yẹn nígbà gbogbo, ẹ má jẹ́ kó kan ojú, ó máa ń ta, ó sì lè bó ara ọmọ. Omi àti ọṣẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun, ibí gan-an ni òwe yẹn wúlò.

Jíjá a

Láti òdòdó sí èso pípọ́n, bí oṣù 5. Tí wọ́n bá so pọ̀ jù tí wọ́n ń fún ara wọn, ẹ yọ díẹ̀ kúrò nígbà tí wọ́n ṣì kéré, èyí tẹ́ ẹ yọ kò ṣòfò, tútù ẹ̀ máa ń mú kí ẹran líle tètè rọ̀ nínú ìkòkò. Tẹ́ ẹ bá rí ilà pupa rẹ́súrẹ́sú kan sí méjì lára èyí tó gbó, ẹ já a, ẹ má dúró kó pọ́n tán lórí igi, ẹyẹ ò ní dúró dè yín. Ẹ gbé ọmọ lé èjìká, kó fi ọwọ́ méjèèjì yí i títí á fi já, ẹ má fi igi lù ú. Ẹ fi bébà wé e sórí tábìlì, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Tiwa pọ́n ní oṣù Kejì, bí agbálùmọ̀ ṣe tún ń kún ọjà. Lánlọ́ọ̀dù gba ọ̀kan, màámi gba ọ̀kan. Ìyẹn tó kù, ọmọ ní òun ló máa là á, mo bá a di ọ̀bẹ mú. Kò tiẹ̀ tíì jẹ ẹ́ tó fi sáré lọ gbé asẹ́.